Nínú àwọn géèmù bàálù ogun, èwo ló jọ gidi jù?

Àwòdì_Ìkòròdú (Ìgbógbó)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, òní ni mo kọ́kọ́ máa dá sí i. Ìgbógbó ni mò ń gbé, lẹ́bàá Ìkòròdú. Láti kékeré ni bàálù ti gbà mí lọ́kàn. Bí mo bá dúró létí ọ̀sà ní Ẹ̀bútẹ́, tí èyí tó ń lọ balẹ̀ ní Ìkẹjà bá gba òkè kọjá, ojú mi kì í kúrò lára ẹ̀ títí á fi wọ inú kùrukùru.

Mo ti gbá Ace Combat lórí PlayStation ẹ̀gbọ́n mi títí ó fi sú mi. Mísáìlì kì í tán bọ̀rọ̀, wọn ò dárúkọ epo rárá, bó ṣe wuni ni bàálù ń yí. Mo fẹ́ èyí tí á kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fò ní tòótọ́. Orúkọ mẹ́rin ni mò ń gbọ́: DCS World, Falcon BMS, IL-2 Sturmovik àti War Thunder. Láàpútọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ kan tí mo rà ní Computer Village ni mò ń lò, Core i5, RAM 8GB, kò ní káàdì àwòrán. Mi ò tíì ní joystick, ọ̀pá tí wọ́n fi ń darí bàálù. Ẹ jọ̀ọ́, nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èwo ló jọ gidi jù?


Ọmọ_Ẹ̀pẹ́

Àbúrò, káàbọ̀. Láti 2001 tí IL-2 Sturmovik àkọ́kọ́ ti jáde ni mo ti wà nídìí ẹ̀, nítorí náà o ti mọ ibi tí màá fì sí.

Kọ́kọ́ bi ara rẹ pé gidi ti kí ni. Tèmi, ti afẹ́fẹ́ ni. Apẹja ni bàbá mi lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ níbí. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi nínú ọkọ̀ ni pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbọ́ omi. Àjẹ̀ á ti wúwo lọ́wọ́ rẹ kí ojú rẹ tó rí i pé ọkọ̀ ti fẹ́ yà. Bí bàálù ogun ayé 1940 ṣe rí gan-an nìyẹn. Mú Bf 109 ti Jámánì: ẹ́ńjìnì ẹ̀ lágbára, ara ẹ̀ kéré, táyà iwájú méjèèjì sì sún mọ́ra. Bí o bá ti throttle (ọ̀pá tó ń fún ẹ́ńjìnì lágbára) síwájú lójijì, imú ẹ̀ á wọ́ sí òsì, apá kan á sì kanlẹ̀ kí o tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Wá IL-2 1946, èyí tó jáde ní 2006. Láàpútọ́ọ̀pù rẹ máa gbé e láì mí hẹlẹ. Lọ síbi tí wọ́n ti ń yan bó ṣe máa le tó, wàá rí Torque & Gyro Effects, Stalls & Spins, Engine Overheat: bí ẹ́ńjìnì ṣe ń fa imú sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí bàálù ṣe ń rì tó sì ń yí bìrìpó, àti bí ẹ́ńjìnì ṣe ń gbóná jù. Tan gbogbo ẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn tó máa ń pa á ní ìbẹ̀rẹ̀, ìwà tí wọ́n máa ń kọ́ níbẹ̀ kì í rọrùn láti fi sílẹ̀ mọ́.


Àdùkẹ́_Jẹ́ẹ̀tì (Ọ̀dọ̀gùnyàn)

Bọ̀dá Ẹ̀pẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò bá yín jiyàn lórí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ayé 1940 lẹ wà. Nínú jẹ́ẹ̀tì òde òní, kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ ló ń bá páílọ́ọ̀tì di bàálù mú. Ohun tó ń làágùn lé lórí ni rédà, rédíò, epo àti ìgbà tó yẹ kó ju mísáìlì. Kò sí géèmù tó ń kọ́ èèyàn nìyẹn bíi DCS. Nínú ọ̀pọ̀ bàálù ẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo bọ́tìnnì tó wà nínú ilé páílọ́ọ̀tì ló ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Bí o bá gbàgbé ọ̀kan, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ò ní jí.

Ohun tó sì mú mi lọ́kàn jù: bàálù tiwa wà níbẹ̀. JF-17 tí àwọn ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà gbà mẹ́ta ní 2021, ó ti wà nínú DCS láti oṣù Kejìlá 2019. L-39ZA tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn páílọ́ọ̀tì ológun wa ní Kano náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó sínú L-39 yẹn, ara mi bù máṣọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kọ́ mi. Ẹ́ńjìnì L-39 kì í tètè dáhùn. Bí o bá ti fà á wálẹ̀ pátápátá, tó o wá tún ti throttle síwájú, ó tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kó tó gbéra dáadáa. Èmi ò mọ̀. Mo ń bọ̀ wá balẹ̀, mo rí i pé mo ga jù, mo fa throttle wálẹ̀ pátápátá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Mo ti throttle dópin, mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnì tó ń ké bọ̀ díẹ̀díẹ̀, koríko ń tóbi sí i lójú mi, ojú pápá sì ṣì wà níwájú. Ibi tí mo já lulẹ̀ sí, ẹ̀yin ará, kò ju bí ilé mẹ́ta sí ibi tó yẹ kí n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò fa throttle wálẹ̀ pátápátá mọ́ àfi bí táyà bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ọmọléèwé páílọ́ọ̀tì ní ohun kan náà.


Ọmọ_Ìjẹ̀dé

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ ń gbójú fo War Thunder nítorí pé máòsì ni ọ̀pọ̀ fi ń gbá a. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí: Arcade, Realistic àti Simulator. Nínú méjì àkọ́kọ́, o kàn ń tọ́ka síbi tó o fẹ́ lọ ni, kọ̀ǹpútà ló ń bá ọ yí apá àti ìrù. Nínú Simulator, inú ilé páílọ́ọ̀tì nìkan lo ti lè wòta, kò sí àmì kankan lórí ọ̀tá, ìwọ fúnra rẹ lo ń di bàálù mú kó má ṣubú.

Mo ti yìnbọn lu ẹni tiwa rí níbẹ̀, nítorí pé láti ẹ̀yìn mi ò mọ Yak ti Rọ́ṣíà yàtọ̀ sí Bf 109. Ó dùn mí gan-an. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń kọ́ bí apá, ìrù àti imú bàálù kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Kò sì sí kọ́bọ̀ tí mo san.


Ọmọ_Ẹ̀pẹ́

Àbúrò mi Ìjẹ̀dé, dìde. Mo gbà fún ọ lórí Simulator, ibẹ̀ dára. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé bọ́tìnnì kan lo fi ń tan ẹ́ńjìnì, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni géèmù ń bá ọ tọ́jú ẹ̀ lọ. Àti pé kó o tó dé orí bàálù tó wù ọ́, wàá fẹsẹ̀ rìn gan-an, àfi bí o bá sanwó. Ẹni tó ní sùúrù àti dátà, kó máa ṣe é lọ.


Etíkun_Àgbádárìgì

Mo ti ń kà bọ̀ láti òkè. Ẹ ti sọ afẹ́fẹ́, ẹ ti sọ bọ́tìnnì. Ta ló sọ ogun?

Bàálù ogun tí kò sí ogun yí i ká, ìdánwò ìwakọ̀ ni. Ìdí tí mo fi dúró ti Falcon BMS nìyẹn. MicroProse ló gbé Falcon 4.0 jáde ní oṣù Kejìlá 1998. Ní 2000, kóòdù inú ẹ̀ bọ́ síta, àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ gbé e, wọ́n ń tún un ṣe títí di òní, ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni BMS. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n Falcon 4.0 gan-an gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀rọ rẹ. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á.

Ogun ilẹ̀ Kòríà tó wà nínú ẹ̀ kì í dúró dè ọ́. Bí o bá ń fò lójú òfurufú, àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ń rìn, bàálù mìíràn ń lọ ń bọ̀, wọ́n ń ja ìjà tí wọn ò pè ọ́ sí. Wọ́n rán èmi àti ẹnì kejì mi lọ fọ́ afárá kan. A fọ́ ọ. Nígbà tí mo tún ṣí máàpù, àwọn ọkọ̀ ogun tó yẹ kó ti gba orí ẹ̀ kọjá kò tíì débi tí wọ́n ń lọ, àwọn tiwa tó wà níwájú ti rí àyè mí. Kò sí ẹni tó kọ eré náà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tí a ṣe ló fa ohun tó tẹ̀ lé e. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mìíràn, mo ń padà bọ̀, epo mi ti lọ sílẹ̀, mo gbọ́ pé wọ́n ti ju bọ́ǹbù sí ojú pápá tí mo ti gbéra. Mo ní láti wá ibòmíràn balẹ̀ sí pẹ̀lú ìwọ̀nba epo tó kù. Ọkàn mi ń lù kìkì, mo sì wà lórí àga ike nínú yàrá mi ní Àgbádárìgì.

DCS rẹwà, Àdùkẹ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló máa ń kọ iṣẹ́ tó o fẹ́ jẹ́ níbẹ̀ sílẹ̀. Bí o bá gbá a lẹ́ẹ̀mejì, o ti mọ ẹ̀yìn igi tí ọ̀tá sá pamọ́ sí.


Àdùkẹ́_Jẹ́ẹ̀tì

Òótọ́ lẹ sọ níbẹ̀ yẹn, bọ̀dá Àgbádárìgì, ogun BMS ni ẹ̀rọ mi ò tíì rí irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ran ẹni tó béèrè lọ́wọ́. Àwòdì, má dán DCS wò lórí RAM 8GB. Kò ní tẹ́ ọ lọ́rùn. Bí o bá sì ti fi máàpù méjì-mẹ́ta sí i, ó ń jẹ ju 100GB lọ. Dátà òru ni mo fi fà á wálẹ̀, ó gbà mí ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Ọjọ́ tó o bá rí ẹ̀rọ tó lágbára, má sanwó kankan ná. Su-25T àti TF-51D máa ń bá DCS wá lọ́fẹ̀ẹ́. Èèyàn á sáré lọ síbi Su-25T nítorí pé ó gbé bọ́ǹbù, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì inú ilé páílọ́ọ̀tì ẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ kàn. TF-51D kò ní ìbọn, síbẹ̀ òun ni ojúlówó: gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, á sì fi ojú rẹ rí nǹkan lórí ilẹ̀ bíi Bf 109 tí bọ̀dá wí. Èyí tó bá ń wù ọ́ rà, wọ́n ń jẹ́ kéèyàn fi ọ̀sẹ̀ méjì tọ́ ọ̀pọ̀ wọn wò lórí ìkànnì wọn. Lo àyè yẹn, nítorí pé ẹyọ bàálù kan lè tó 80 dọ́là.


Ọmọ_Ìjẹ̀dé

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀pẹ́, ìbéèrè kékeré. Ogun Àgbáyé Kejì, ogun àwọn òyìnbó, ni IL-2 dá lé lórí. Kí ló kàn wá níbẹ̀ tí mo fi máa fi JF-17 tiwa sílẹ̀?


Ọmọ_Ẹ̀pẹ́

Ó kàn wá. Peter Adéníyì Thomas, ọmọ Èkó, wà nínú ogun yẹn. Ní 1942, òun ni ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí RAF, ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ní ipò ọ́físà. Ọdún 1945 ló kú, ogun ò tíì parí. Mo máa ń rántí ẹ̀ bí mo bá jókòó sínú bàálù àwọn gẹ̀ẹ́sì.

Ìdí kejì ni pé àṣìṣe kò farasin níbẹ̀. Gbọ́ eléyìí. Ní 1940, Spitfire àti Hurricane, bàálù ogun àwọn gẹ̀ẹ́sì, ń fi carburettor fún ẹ́ńjìnì wọn lépo. Bí páílọ́ọ̀tì bá ti imú bàálù sílẹ̀ lójijì, epo á fò sókè nínú ẹ̀, ẹ́ńjìnì á kú fún bí ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti Bf 109 ń fi ipá fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì, kì í mọ̀ ọ́n lára. Nítorí náà bí ará Jámánì bá rí Spitfire lẹ́yìn ẹ̀, á kàn tẹrí ba ni, á sì lọ. Àwọn gẹ̀ẹ́sì wá ń yí bàálù dojú dé kí wọ́n tó fà á lé e. Obìnrin ẹnjiníà kan, Beatrice Shilling, ló fi ìrin pẹlẹbẹ kékeré kan tó nihò láàárín dẹ́kun ìyà yẹn ní 1941.

Mo ti kà á nínú ìwé kí n tó rí i. Ìgbà tí mo gbá Cliffs of Dover, ọ̀kan nínú ẹbí IL-2 tó jáde ní 2011, mo lé Bf 109 kan, ó tẹrí ba, èmi náà ti ọ̀pá síwájú. Ohùn ẹ́ńjìnì gé. Èéfín dúdú. Kó tó padà wá, ọ̀tá ti kéré bí eṣinṣin. Ẹ̀kọ́ tí ìwé fi ojú ewé mẹ́ta ṣàlàyé, ara mi gbà á lójú ẹsẹ̀.


Etíkun_Àgbádárìgì

Èyí dùn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa sọ ti gíga àti eré náà, ibẹ̀ ni gbogbo ọmọ tuntun máa ń kú sí.


Ọmọ_Ẹ̀pẹ́

Àjọ ni. Gíga tí o wà sókè, àjọ tí o dá ni. Eré tí o ń sá, owó tó wà lápò rẹ ni. Bí o bá tẹrí ba, o kó àjọ, owó wọ àpò. Bí o bá fi eré yẹn gòkè padà, o tún un dá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa dín díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ń fa ọ̀pá mọ́ra láti yí kọ́rọ́kọ́rọ́, o ń náwó tí kò ní padà. Ẹni tó ń yí ṣáá nísàlẹ̀ ti náwó tán. Ẹni tó wà lókè kàn ń wò ó ni, á sì yan ìgbà tó máa wá bá a.

Àwọn tuntun inú IL-2, láti Battle of Stalingrad ti 2014 wá, tún fi ti ara páílọ́ọ̀tì kún un. Bí o bá fa ìyípo líle ní àìmọye ìgbà, á rẹ̀ ẹ́, ojú ẹ̀ á tètè ṣú. Ṣùgbọ́n ìyẹn ń fẹ́ káàdì àwòrán, Àwòdì. Má tíì lọ síbẹ̀.


Àwòdì_Ìkòròdú

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti rí IL-2 1946 rà, mo sì rí joystick tòkúnbọ̀ kan, Logitech Extreme 3D Pro. Ọ̀pá ẹ̀ ṣeé yí sí ọ̀tún àti òsì, mo gbọ́ pé òun ni rudder, ohun tó wà ní ìrù tó ń yí imú sọ́tùn-ún sósì. Mo tan gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n Ẹ̀pẹ́ ní kí n tàn.

Ọjọ́ kẹta rèé, mi ò tíì gbéra. Pápá koríko kan ní Crimea ni mo wà pẹ̀lú Bf 109. Mo ti throttle, imú lọ sí òsì bí ẹ ṣe wí, mo yí ọ̀pá sí ọ̀tún, ó ṣẹ́rí padà jù, mo tún yí i sí òsì, apá ọ̀tún gún ilẹ̀. Ìgbà kẹfà, iná lọ kí n tó kúrò lójú kan. Kí ni mò ń ṣì ṣe?


Ọmọ_Ẹ̀pẹ́

O ń dúró kó ṣẹlẹ̀ kó o tó dáhùn. Bí bàbá mi ṣe bá mi wí nìyẹn nínú ọkọ̀. Fa ọ̀pá mọ́ ikùn, kí ìrù lè jókòó sílẹ̀. Yí i sí ọ̀tún díẹ̀ kí bàálù tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn rárá. Lẹ́yìn náà máa ti throttle, kí o máa ka ení, èjì, ẹ̀ta lọ, kó má tíì dópin títí o fi ka ẹ̀wá. Bí imú bá yà, tọ́ ọ wẹ́rẹ́ kí o sì dá ọwọ́ padà kíá. Má dì í mú síbẹ̀. Bí eré bá ti wọlé, tú ọ̀pá sílẹ̀ díẹ̀, kí ìrù lè gbéra fúnra ẹ̀.


Àdùkẹ́_Jẹ́ẹ̀tì

Kí o tún wá opentrack fi sórí ẹ̀rọ. Ọ̀fẹ́ ni. Kámẹ́rà láàpútọ́ọ̀pù rẹ ló máa fi mọ ibi tí orí rẹ kọjú sí: bí o bá yí ọrùn díẹ̀, ojú páílọ́ọ̀tì á yí pẹ̀lú rẹ. Tan iná yàrá kó rí ọ dáadáa. Èèyàn tí kò lè wẹ̀yìn nínú ìjà bàálù, wọ́n ti pa á tán.


Etíkun_Àgbádárìgì

Ní ti iná tó lọ, gbogbo wa ló ń bá. F-16, bàálù ogun Amẹ́ríkà tó wà nínú BMS, bí o bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ tí ẹ́ńjìnì ṣì kú, o máa tan bátìrì, o máa fi JFS (ẹ́ńjìnì kékeré tó ń jí ńlá) yí ẹ́ńjìnì, o máa dúró kí eré tó ń yí dé 20% kí o tó gbé throttle sí idle, ipò tó kéré jù, o tún máa dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí INS, ẹ̀rọ tó ń tọ́ bàálù sọ́nà, tó mọ ibi tó wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni iná ti lọ mọ́ mi lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú keje. Bátìrì láàpútọ́ọ̀pù rẹ, tọ́jú ẹ̀ bí ojú. Àwa tí a ń lo kọ̀ǹpútà orí tábìlì, UPS ni mo kọ́kọ́ rà kí n tó ra ọ̀pá.


Àwòdì_Ìkòròdú

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo gbéra lánàá!

Mo kà á bí ẹ ṣe wí. Ní èje, mo rí i pé ọwọ́ mi ti ń yí rudder kí imú tó yà. Ìrù gbéra, ìró táyà dákẹ́, ilẹ̀ sì ń lọ sísàlẹ̀. Mi ò wá ọ̀tá kankan. Mo gòkè dé 3,000 mítà, mo dá àjọ, mo kó o, mo tún un dá. Mo fa ọ̀pá jù lẹ́ẹ̀kan, gbogbo bàálù gbọ̀n, apá òsì rì, mo yí bìrìpó. Mo pa throttle, mo tẹ rudder òdì kejì, mo ti ọ̀pá síwájú, ó dáwọ́ dúró ní 900 mítà. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n nígbà tí mo ń wá pápá.

Ìbalẹ̀ mi kò rẹwà. Ó fò sókè lẹ́ẹ̀mejì, táyà kan fọ́, ó yà lọ sínú koríko, ṣùgbọ́n ó dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀, páílọ́ọ̀tì sì wà láàyè.


Ọmọ_Ẹ̀pẹ́

Kú oríire, àbúrò! Ṣé o tọ́jú track ẹ̀, àkọsílẹ̀ bó o ṣe fò, kó o tó jáde? Fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ wo ibi tó o ti gé throttle kí ó tó fò nígbà àkọ́kọ́ yẹn, ó jọ pé eré ṣì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ.


Àwòdì_Ìkòròdú

Mo tọ́jú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo ń fi ránṣẹ́ báyìí.